Bíbù, Dídà, Títa, Wíwọ́n: Irinṣẹ́ Wo Ló Yẹ Ọbẹ̀ Rẹ?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó kan àpò, ó sì kan ìlera àwọn ọmọ inú ilé: kí ni a fi ń gbé ọbẹ̀, epo àti ata gígún lé orí oúnjẹ, báwo ni a sì ṣe ń yan èyí tó dára?

Ẹni tó bá ra ata àti tòmátì tán ní ọjà Ìpàta, ní Ìlọrin, tó wá bojú wo ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ilé ìdáná, yóò rí ṣíbí gígùn, ṣíbí oníhò àti ike ẹlẹ́nu ṣóńṣó oríṣiríṣi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ilé lè fẹ́ kó gbogbo rẹ̀. Kí owó tó jáde, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí a fẹ́ ṣe sí oúnjẹ náà. Èdè wa ti ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tipẹ́. A máa ń bu gbẹ̀gìrì sórí àmàlà; a máa ń da òróró sínú agbada; a máa ń ta epo sí iṣu; a sì máa ń wọ́n yajì sórí sùyà. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní irinṣẹ́ tirẹ̀.

Bíbù

Ọbẹ̀ tó ki ni a ń bù. Ìpọnbẹ̀ ló yẹ ẹ́, kí ikùn rẹ̀ jìn, kí ọrùn rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí oru ìkòkò kò fi ní jó ọwọ́. Ẹ wo orí ọwọ́ rẹ̀ náà: èyí tí wọ́n tẹ̀ kọ́rọ́ yóò fi ara kọ́ etí ìkòkò, kò ní ri sínú ọbẹ̀.

Ẹni tó bá ń se àbùlà nílò ju ẹyọ kan lọ. Gbẹ̀gìrì kì í pẹ́ kan, nítorí náà ìpọnbẹ̀ tó ti wọ inú ewédú tàbí ọbẹ̀ ata kò gbọdọ̀ bọ́ sínú rẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé a fọ̀ ọ́. Ìpọnbẹ̀ kan fún ìkòkò kan ni ìlànà tó dára jù.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ, ìpọnbẹ̀ yín ni òṣùwọ̀n yín. Ẹ mú ike omi 50cl tó ti ṣófo, kí ẹ fi ìpọnbẹ̀ náà bu omi kún un. Bí ó bá gba ìgbà márùn-ún kó tó kún, ìpọnbẹ̀ yín ń gbé 10cl. Bí ó bá gba ìgbà mẹ́rin, ó ń gbé 12.5cl. Ìyàtọ̀ yẹn lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú ẹni tó ń bu ọbẹ̀, àmọ́ lórí ogójì àwo, lítà kan odindi ni. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ìpọnbẹ̀ rẹ̀ ń gbé kò lè mọ ibi tí owó náà gbà lọ.

Dídà

Ohun tó ṣàn ni a ń dà: òróró, omi ẹran, ẹ̀kọ mímu. Ife tàbí jọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló dára fún un. Bí etí ife bá nípọn tó sì rí rogodo, omi yóò máa rọ̀ mọ́ ara rẹ̀, yóò sì ṣàn sí ìdí dípò kí ó bọ́ sínú àwo. Ẹnu tó tín-ínrín tó sì yọ síwájú ló máa ń já omi kúrò lára ife. Bí a bá fẹ́ dá òróró àkàrà padà sínú gálọ́ọ̀nù lẹ́yìn tó ti tutù, àrọ ni kí a lò.

Àwọn ìyá wa ní ahá. Igbá fúyẹ́, ooru kì í sì í tètè gba ara rẹ̀ dé ọwọ́ bí ó ṣe ń gba ara irin. Ohun tó ń fẹ́ ni kí a fọ̀ ọ́, kí a sì sá a títí yóò fi gbẹ dénú, kí ó má baà hu.

Títa

Ibi tí epo ti ń wọ́n lórí owó ni ibí yìí, nítorí ṣíbí gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ máa ń dà ju bí a ṣe fẹ́ lọ. Ẹ wo àwọn onísùyà: wọ́n á lu ìdérí ike ní ihò wẹ́wẹ́, wọ́n á rọ òróró ẹ̀pà sínú rẹ̀, wọ́n á máa ta á sára ẹran lẹ́bàá iná kí ẹran má baà gbẹ. Ẹni tó ń ṣe wáínà náà máa ń fi ṣíbí kékeré kan òróró sí ojú kọ̀ọ̀kan. Irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn mu.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òróró tútù ni ó ń wà nínú ike onísùyà. Ike tí wọ́n fi ń ta omi mímu máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nígbà tí ooru bá ti tó nǹkan bíi 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni òróró tí a fi ń dín àkàrà sábà máa ń gbóná tó 170 sí 190. Ẹni tó bá da irú òróró bẹ́ẹ̀ sínú ike ń fẹ́ kí ike náà yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí epo tutù pátápátá ná, tàbí kí a lo ṣíbí irin.

Epo pupa tún ní ìwà tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń dì, yóò sì dí ihò wẹ́wẹ́. Ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ àti ṣíbí kékeré ló bá a mu jù.

Wíwọ́n

Ike oníhò ni ti yajì, iyọ̀ àti ata gígún. Bí ihò bá tóbi, ata yóò dà gìdìgìdì; bí ó bá sì kéré jù, kò ní jáde. Ẹ má ṣe gbọn ike náà sórí ìkòkò tó ń hó, nítorí oru yóò wọ inú rẹ̀, ata yóò sì dì. Ẹ gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ìka mẹ́ta wọ́n ọn láti òkè díẹ̀, yóò tàn kárí.

Irin wo ni ká rà?

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nìyí. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ìkòkò tí wọ́n ń fi àlòkù àlùmíníọ̀mù rọ ní Kamẹrúùnù. Wọ́n fi omi kíkan dán wọn wò, òjé sì jáde lára wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ènìyàn, àwọn ọmọdé ló sì ń pa lára jù, nítorí ó ń ba ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà jẹ́. Ọbẹ̀ tòmátì kan díẹ̀, a sì máa ń pẹ́ lórí iná. Nítorí náà, bí a kò bá mọ irú àlòkù tí wọ́n fi rọ ìpọnbẹ̀ tàbí ìkòkò kan, kí a má fi se ọbẹ̀ ata, kí a má sì fi í sílẹ̀ sínú ọbẹ̀ mọ́jú. Irin sitẹ́nlẹ́sì, igi tí a kò kùn ní ọ̀dà, àti igbá ló fi ọkàn balẹ̀ jù.

Ìlọrin kì í ṣe àjèjì sí irinṣẹ́ rere. Ìtàn ìlú náà sọ pé lára òkúta tí Òjó Ìṣẹ̀kúṣẹ̀ ti ń lọ irin rẹ̀ ni orúkọ ìlú ti jáde, àwọn obìnrin amọ̀kòkò sì ṣì ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò ní agboolé Dàda, ní Òkèlele. Níbi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, kò sí ìtìjú nínú bíbi olùtajà pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n fi ṣe èyí?” Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sí ìsọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ní kúkúrú, ìpọnbẹ̀ sitẹ́nlẹ́sì méjì, ife ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan, ṣíbí kékeré kan fún epo àti ike oníhò kan tó ilé tuntun bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wa nípa èyí tí ẹ̀yin ń lò nílé. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.