Ẹyin Kì Í Sọ Ọmọ Di Olè

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ ní ilé Yorùbá, ó sì ti pẹ́ ní ẹnu wa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí òwe. A ní ọmọ kékeré tí a bá ń fún ní ẹyin àti ẹran yóò di olè. Mo fẹ́ wí ní gbangba nínú ìwé yìí pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, pé ó ń ṣe àwọn ọmọ wa ní ibi, àti pé àwa tí a ń pe ara wa ní olùtọ́jú àṣà Yorùbá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn kan nínú wa yóò fọ̀. Wọn yóò ní àwọn bàbá wa kì í ṣe òmùgọ̀. Wọn yóò ní ẹran ṣọ̀wọ́n láyé àtijọ́, pé ẹyin tí a bá jẹ lónìí kò lè di adìyẹ lọ́la, àti pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ mọ ìkóra-ẹni-níjàánu, kí ojúkòkòrò má baà wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Èmi náà gbà pé ìdí wà fún ọ̀rọ̀ náà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni a ń kọ́ ní ìkóra-ẹni-níjàánu? Ṣé ọmọ oṣù 14 tí kò tíì lè sọ pé ebi ń pa òun? Ọmọ tí kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín tèmi àti tìrẹ kò lè jalè, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kọ́ ìwà rere láti inú àwo tí kò sí ẹran. Ohun kan ṣoṣo tí yóò kọ́ níbẹ̀ ni pé àgbà ni ó ni ohun tí ó dára. Bí a bá sì ń wá ohun tí ń sọ ènìyàn di olè, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí a fi nǹkan dù títí tí ojú rẹ̀ kò fi kúrò lára ti ẹlòmíràn.

Àwọn bàbá wa kan náà ni wọ́n wí pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Kí ni ó dé tí a kì í rántí òwe yìí nígbà tí a bá jókòó ti ọbẹ̀? Nínú ọ̀rọ̀ méjì tí a jogún, èyí tí ó dá àwo àgbà sí ni a dì mú ṣinṣin, èyí tí ó bá àgbà wí ni a sọ nù. Ẹ má ṣe pe èyí ní àṣà. Ọ̀kánjúwà ni, a kàn fi aṣọ àṣà bò ó ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a fi ń rọ́pò ẹyin àti ẹran náà. Ẹ̀kọ mímu ni. Ẹ̀kọ ni ó tọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa dàgbà, n kò sì wá láti bú u. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ti ìyá rẹ̀ nígbà tí ó ń sẹ́ ògì mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Omi funfun yóò lọ sí ìsàlẹ̀, èérí yóò kù sókè. Inú èérí yẹn ni èèpo àgbàdo wà, inú rẹ̀ ni ibi tí àgbàdo ti ń hù wà pẹ̀lú, púpọ̀ nínú ohun tí ń mú ara dàgbà sì bá a lọ. Ewúrẹ́ ni a ń da èérí fún. Ọmọ ni a ń fún ní omi funfun, tí a tún bu omi gbígbóná lù kí ó lè ṣàn dáadáa. Ikùn ọmọ ọdún kan kò tóbi. Bí omi bá ti kún un, kò sí àyè fún oúnjẹ mọ́. Ọmọ yóò yó, yóò sùn, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà bí ó ti yẹ. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹun gidi ju ọmọ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin tí a bí ní Jàmáíkà, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn ọmọ kékeré ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, irun wọn ń pọ́n, awọ ara wọn ń bó. Ní ọdún 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Gá ń pe àìsàn náà han gbogbo ayé, kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ dé. Oúnjẹ àgbàdo lásán ni àwọn ọmọ náà ń jẹ.

Ní ilẹ̀ tiwa gan-an, David Morley, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, dé sí Wesley Guild Hospital ní Ìléṣà ní ọdún 1956. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tọ ipa àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà ìbí wọn, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé, tí irú rẹ̀ tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, inú iṣẹ́ yẹn ni ó ti gbilẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá Yorùbá ni ọ̀pọ̀ dókítà ayé ti kọ́ bí a ti ń wo ìlà orí ìwé kí a tó mọ̀ pé ọmọ kò jẹun tó. Èyí ti lé ní 60 ọdún. Ó mà ṣe o, bí ó bá jẹ́ pé àwa tí a kọ́ ayé ni a kò tíì kọ́ ara wa! Nínú ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, nínú gbogbo ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ni wọ́n kúrú ju bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Lóòótọ́ ni pé ti òkè Ọya burú ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé aládùúgbò rẹ̀ ń jó kì í torí bẹ́ẹ̀ fi iná sílẹ̀ nínú ilé tirẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò wí pé àwọn kò fi oúnjẹ du ọmọ, ọmọ ni kò fẹ́ ẹ. "Ọmọ mi kò fẹ́ ẹ̀fọ́, kò fẹ́ ẹ̀wà, bisikíìtì ni ó mọ̀." Mo bi yín, ta ni ó bí ọmọ tí ó fẹ́ ata láti inú wá? Nígbà tí ata bá kọ́kọ́ kan ahọ́n ọmọ, yóò ké, yóò yọ ahọ́n síta, imú rẹ̀ yóò máa ṣomi. Síbẹ̀, kò sí ìyá Yorùbá tí ó tìtorí ẹkún yẹn wí pé ọmọ òun kò ní jẹ ata láéláé. Lónìí yóò fi omi ṣan ẹja náà dáadáa kí ó tó fi sí i lẹ́nu. Ní ìgbà díẹ̀ sí i yóò ṣàn án fẹ́rẹ́. Nígbà tí ó bá yá, kò ní ṣàn án mọ́. Kí ọmọ náà tó ìwé kíkà, yóò ti máa lá ọbẹ̀ tí àlejò òyìnbó kò lè fi ẹnu kàn. Ta ni ó kọ́ ọ? Àwa ni. A kò nà án, a kò fi ẹ̀bùn tàn án. A ń jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, a sì ń fún un díẹ̀díẹ̀ láìsú wa. Èé ṣe tí sùúrù tí a ní fún ata kò fi tó fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀? Àwọn tí wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí rí i pé ọmọ lè ní láti tọ́ oúnjẹ tuntun wò ní ìgbà 8 tàbí 10 kí ó tó gbà á. Ní ẹ̀ẹ̀kejì ni àwa ti ń jáwọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹnu pàápàá, kékeré ni a ti ń kọ́ ọ.

Bí àwọn kan ti ń jáwọ́ kíákíá ni àwọn mìíràn ń fi agbára mú un. Wọn a dá ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, wọn a fún un nímú, wọn a sì máa fi ọwọ́ rọ ọ́ lẹ́kọ. Ẹ̀kọ tí a rọ lè ṣìnà gba ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ a sì tibẹ̀ kú. Bí kò tilẹ̀ kú, ó ti kọ́ pé ìjà ni oúnjẹ. Ní ọdún 1926, Clara Davis, dókítà ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ó ń gbé oúnjẹ oríṣiríṣi ka iwájú wọn, ó sì kìlọ̀ fún àwọn olùtọ́jú pé kí wọ́n má ṣe bá ọmọ yàn, kí wọ́n má sì ṣe fi agbára bọ́ ọ. Ọmọ 15 ni ó ṣe èyí fún, wọ́n sì dàgbà dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí wí pé kí ọmọ máa jẹ ohun tí ó bá wù ú. Ẹyin, ẹran, ẹ̀fọ́ àti èso wà nínú ohun tí Davis gbé kalẹ̀. Ṣúgà kò sí níbẹ̀. Àgbà ni ó ń yan ohun tí yóò wọ inú àwo. Ọmọ ni ó mọ iye tí ó tó òun.

Àwa yí i padà. A ń bá ọmọ jà lórí iye tí yóò jẹ, a sì ń jẹ́ kí ó máa yan ohun tí yóò jẹ. Bí ó bá ti sunkún, súwíìtì. Bí àlejò bá wọlé, bisikíìtì. Bí a bá sì ń ṣe àríyá, ẹlẹ́rìndòdò ni a ó bù fún ọmọ ọdún kan, a ó sì máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá ń lá ètè. A ní ìkẹ́ ni. Ìkẹ́ wo ni ó ń ba eyín àkọ́hù jẹ́, tí ó sì ń kọ́ ahọ́n láti kórìíra gbogbo ohun tí kò bá dùn bí oyin? Ọmọ tí a kọ̀ láti fún ní ẹyin nítorí kí ó má baà di olè ni a ń fi ṣúgà bọ́ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ẹ bá mi wá ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀!

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. N kò bá ilé tí kò ní wí. Ilé tí kò ní kò nílò ìwáàsù mi. Ilé tí ẹran wà nínú ìkòkò ni mo ń bá wí, àti ilé tí ó ń ra bisikíìtì lójoojúmọ́. Ẹ ṣírò owó náà ní ìparí ọ̀sẹ̀ kí ẹ tó wí pé ẹyin wọ́n. Ẹ̀wà bíbó tí a sè rọ̀, tí a sì fi epo pupa díẹ̀ àti edé lílọ̀ sí, oúnjẹ ọmọ ni. Ẹja sáwá tí a yọ egungun rẹ̀ dáadáa, oúnjẹ ọmọ ni. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti gbẹ̀gìrì, ìbẹ́pẹ àti ọsàn, gbogbo wọn wà nítòsí wa. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, ti fi hàn wá bí a ti ń po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì kí ògì lè ní agbára. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún wí i pé láti oṣù 6 títí ọmọ yóò fi pé ọdún 2, ó yẹ kí ó máa jẹ ẹyin, ẹja tàbí ẹran lójoojúmọ́, kí ó sì máa mu ọmú lọ, kí a má sì ṣe fún un ní ohun mímu tí a fi ṣúgà sí. Kò sí ohun tí ó wà nínú ìmọ̀ràn yìí tí ọjà Yorùbá kò tà.

Ẹ̀yin ará, a máa ń jà lórí àmì ohùn, a máa ń jà lórí ìtumọ̀ oríkì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè tí a ń jà fún, ẹnu ọmọ ni yóò gbé e lọ, ọpọlọ ọmọ ni yóò sì rántí rẹ̀. Ọpọlọ náà kò sì lè fi omi ẹ̀kọ nìkan dàgbà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yìí má ṣe tún sọ ọ̀rọ̀ olè yẹn lórí ọmọ, yálà ní eré tàbí ní òótọ́. Nígbà tí a bá sì ń pín ọbẹ̀ nínú ilé wa, kí a kọ́kọ́ fi ti ọmọ tí ó kéré jù lọ sí àwo rẹ̀, kí àgbà tó mú tirẹ̀. Bí bàbá kan bá rò pé iyì òun yóò dínkù nítorí èyí, a jẹ́ pé ẹran ni ó gbé iyì rẹ̀ lé.