Àkísà Kọ́ Ni Òpin Aṣọ: Ìkéde Àwa Aránṣọ, Ahunṣọ àti Aláró Òsì, Ìlọ́fà àti Agbègbè Wọn

Àwa aránṣọ, ahunṣọ, aláró àti ìyá olókìríkà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, ní ìpínlẹ̀ Kwara, là ń sọ̀rọ̀. Ohun tí a dì mú kò ju ẹyọ kan lọ: aṣọ kò tíì parí níwọ̀n ìgbà tí òwú ara rẹ̀ kò bá tíì jẹrà. Ẹni tó bá ju aṣọ tó ṣì lówú lára sí ààtàn, wàhálà àgbẹ̀ tó gbin òwú ló dà nù, tòun ti oorun ẹni tó ran án àti ẹ̀yìn ríro ẹni tó hun ún. Ní tiwa, a ò ní í dà á nù mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà òkèèrè la fẹ́ kó wọlé. Àlàárì tí à ń fi yangàn lóde, òwú ṣẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́, àjẹkù ilé iṣẹ́ ṣẹ́dà Yúróòpù ni. Ràkúnmí ló rù ú la aṣálẹ̀ já láti Tripoli dé Kano, ibẹ̀ ló gbà dé ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ẹlòmíràn gbá jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ni bàbá wa fi hun aṣọ ọlá. Ẹ tún wo ẹ̀kú eégún. Bí ọdún bá yí po, tí ọmọ ilé bá ra aṣọ tuntun fún un, orí ti àtijọ́ ni wọ́n ń rán an lé. Aṣọ tí ìyá ìyá ẹni fi sí i ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, kíjìpá ni àwọn ìyá wa ń hun, lórí òfì tí wọ́n gbé ti ara ògiri. Òwú oko ni, àwọn fúnra wọn ló ń yọ kóró rẹ̀, tí wọ́n ń ran án. Òwe ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, òfì, ìyẹn aṣọ òkè, laṣọ àgbà. A bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n a ò gba òwe yìí wọlé láàárín wa. Aṣọ tó pọn ọmọ, tó bá ìyá lọ sóko, tó bo aláìsàn, tó sì tún bọ́ sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ láìya, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ni ín.

Lónìí, inú bélì, ẹrù aṣọ àlòkù tí wọ́n dì pọ̀, ni aṣọ ń gbà dé bá wa. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ka aṣọ àlòkù mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọ̀lú, síbẹ̀ kò sí ọjà tí òkìríkà kò sí, láti Katangua l'Ékòó títí dé ọjà tiwa. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó yẹ kó wọ̀ wá láṣọ ti dákẹ́. Èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kaduna ní 1957 ti kógbá sílé, United Nigerian Textiles ní ìlú kan náà sì ti ìlẹ̀kùn ní 2007 fún ọdún mélòó kan. A ò ní í bá ìyá olókìríkà jà. Òun ló ń fi àtàǹpàkò àti ìka ra etí aṣọ tí yóò sì sọ ohun tó jẹ́ kó tó wo àmì ọrùn rẹ̀. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ là ń wá. Ohun tí a bẹ̀ ẹ́ fún ni ìsàlẹ̀ bélì, èyí tí kò tà. Kó má sun ún, kó má dà á sódò. Kó gbé e wá, a ó san owó rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ rèé. A ó fa òwú kan yọ létí aṣọ, a ó ṣáná sí i. Bó bá jó bíi bébà, tó di eérú lẹ́lẹ́, òwú oko ni. Bó bá yọ́, tó ká jọ, tó di kókó dúdú líle, epo rọ̀bì ni wọ́n fi ṣe é, aró ẹ̀lú kì í sì í mú un. Ti àkọ́kọ́ á lọ sọ́dọ̀ aláró, ìkejì á lọ sọ́dọ̀ aránṣọ fún inú báàgì àti ìnusẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi abẹ tú ojú rírán. Bọ́tìnì á lọ sínú agolo, síìpù á bọ́ sí ọ̀tọ̀. Tíṣẹ́ẹ̀tì la ó gé yípo láti ìsàlẹ̀ dé abíyá, kó lè jáde ní okùn kan ṣoṣo tí kò já. Okùn yìí la ó fi dábùú lórí òfì. Òwú tó nà láti òkè dé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú tuntun tó yi, torí òun ló ń gba ìfà, àkísà kò lè ru ẹrù yẹn. Òfì ògiri fẹ̀, ó ń gba okùn tó nípọn ju èyí tí òfì aṣọ òkè lè gbà lọ. Òfì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi igi rẹ̀ dáná, òun gan-an ni iṣẹ́ yìí ń béèrè.

Èyí tó bá ṣá, ìkòkò aró ló kàn: ewé ẹ̀lú gígún, omi eérú sísẹ́, àti sùúrù ọjọ́ mélòó kan kí aró tó pọ́n. Aṣọ a jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn a fẹ́ sí i, á sì dú lójú ẹni.

A kò dá wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Nkwo Onwuka l'Ábújá ń fi ìrépé aṣọ ṣe èyí tó pè ní Dakala, tó jọ aṣọ òkè lójú. Bobby Kolade ní Kampala ń ra òkìríkà, ó ń tú u, ó ń tún un rán, ó sì ń tà á padà fún àwọn tó jù ú nù. Àwọn obìnrin Kalabari, aládùúgbò ìlú Òkìríkà gan-an, ti ń ra aṣọ Íńdíà láti ayébáyé. Abẹ ni wọ́n fi ń gé òwú inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fà á yọ, títí ọnà mìíràn á fi yọ lójú aṣọ. Ní Bengal, ní Íńdíà àti Bangladesh, sárì tó gbó ni àwọn ìyá ń tò léra, wọ́n á fa òwú etí sárì náà yọ, òun náà ni wọ́n á fi rán an pọ̀ di kantha tí ọmọ ń bò sùn. A ó kọ́ ọgbọ́n ọwọ́ wọn. Ọnà wọn, a ò ní í jí i, tiwa wà nílẹ̀.

Ohun kan wà tí a ò ní í ṣe láé: a ò ní í ti àlùmágàjí bọ aṣọ tí ọwọ́ hun. Àwọn kan ń gé sányán àti ẹtù ìyá àgbà ṣe báàgì, wọ́n ń pè é ní àtúnlò. Ìparun là ń pè é. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rán pọ̀ ni aṣọ òkè. Bí agbádá bá gbó lápá, ẹ tú ojú rírán, ẹ yọ ọ̀já tó gbó, ẹ fi òmíràn dípò. Àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti fi àyè àtúnṣe sí i.

Ó wá ku aṣọ ẹbí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa dun àwọn èèyàn wa. Òkìríkà kọ́ ló pọ̀ jù nínú ilé wa. Léèsì tí a rà nítorí òkú kan, áńkárá tí a rà nítorí ìgbéyàwó kan, tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí a wá fi káńfọ̀ sí nínú àpótí, òun ló pọ̀ jù. Gbèsè ṣì wà lórí òmíràn. A kéde pé ọmọ ẹgbẹ́ wa kò ní í ra aṣọ ẹbí tuntun mọ́, ìbáà jẹ́ òkú ìyá rẹ̀ ló ń ṣe. Àwọ̀ ni kí olóde dá. Kó ní aró, kí kálukú lọ wo àpótí rẹ̀, kó mú èyí tí aró bá lè mú, kí aláró rẹ ẹ́. Àwùjọ á jọra, kò sì sí ẹni tó máa yáwó.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Aréógun agbẹ́gilére, ọmọ Òsì, kú ní 1954. Ilẹ̀kùn àti ère tó gbẹ́ wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, orúkọ rẹ̀ wà lára wọn, Bándélé ọmọ rẹ̀ ló sì kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ta ni obìnrin tó hun aṣọ tí Aréógun ń ró? Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a ó fi máa fi òwú kọ orúkọ sínú aṣọ wa kọ̀ọ̀kan: ẹni tó tú u, ẹni tó pa á láró, ẹni tó hun ún. Owó á tẹ̀ lé orúkọ, a ò sì ní í san owó ọmọdé fún ẹni tó tú aṣọ, torí òun ló ń pẹ́ jù nídìí iṣẹ́.

A ò ní í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin tó bá fẹ́ jókòó sídìí òfì obìnrin, kó wá jókòó. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, l'Ábújá àti ní London, bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálé fún Kérésì, ẹ má ra aṣọ tuntun wá fún ìyá yín, ẹ bá wọn ṣí àpótí. Ẹni tí òfì ìyá rẹ̀ bá ṣì wà lájà, kó gbé e sọ̀kalẹ̀ kí ikán tó dé orí rẹ̀. A ó wá tún igi rẹ̀ ṣe, a ó sì wá ìyá àgbà tó ṣì mọ̀ ọ́n lò wá jókòó tì í.