Ẹ̀dà ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, ìyá ìwé ni wọ́n pa rẹ́!

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí ìwé gbèsè yín bá sọnù, ta ni yóò jẹ́wọ́ ohun tó jẹ yín?

Ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2017, ó ṣẹlẹ̀ sí GitLab, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn. Ẹ̀rọ kan gbé ìyá ìwé, èkejì gbé ẹ̀dà. Iṣẹ́ pọ̀ lápọ̀jù, ẹ̀dà rẹ̀yìn. Òṣìṣẹ́ kan ní kí òun pa ẹ̀dà rẹ́, kí òun tún un dà kọ. Ilẹ̀ ti ṣú. Háà, ìyá ìwé ló pa rẹ́! Kó tó dáwọ́ dúró, nǹkan bí 300 GB ti ku 4.5 GB. Wọ́n sáré lọ síbi ìfipamọ́, òfìfo ni! Ẹ̀dà tí wọ́n ti ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ láàárín wákàtí mẹ́fà náà wọmi.

Ẹni tó bá ń da ìwé kọ nígbà tí ọjà ṣì ń lọ, kó sàmì síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kó má da ewé tuntun nù títí ẹ̀dà yóò fi bá ìyá. Kó ka orúkọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó pa nǹkan rẹ́. Kó sì máa ṣí ìfipamọ́ wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o!