Rọ́bà gáàsì kì í ṣe ohun tí à ń dì

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ilé tó ní ààrò gáàsì, ìbáà jẹ́ ìgò kílò 6 tí ojú iná rẹ̀ wà lórí ìgò fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ ààrò ńlá olójú mẹ́rin tó ní four nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èrò mi kí n tó ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ ààrò gáàsì tí a ń sọ pé ó ti bàjẹ́, kò bàjẹ́. Ìdọ̀tí ló dí i, tàbí nǹkan kékeré kan ló gbó lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbó, a kì í dì wọ́n, a kì í lẹ̀ wọ́n, ńṣe là ń pààrọ̀ wọn: rọ́bà tó ń gbé gáàsì láti inú ìgò wá sí ààrò, détendeur tó wà lórí ìgò, àti joint, ìyẹn òrùka rọ́bà kékeré tó wà níbi tí irin ti pàdé irin. Ohun tí mo ń rí láàárín wa ni pé òdì la ń ṣe é. Èyí tó yẹ ká fọ̀, a ń gbé e jù sẹ́yìn ilé. Èyí tó yẹ ká jù nù, a ń fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ so ó.

Wọ́n kọ́ àwa olùkọ́ pé kí a bèèrè kí a tó dáhùn. Ẹ jẹ́ ká lò ó fún ààrò. Bí iná kò bá jó dáadáa mọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ojú kan ni, àbí gbogbo ojú? Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń ṣòjòjò tí àwọn yòókù ń jó bó ti yẹ, ẹ fi ìgò sílẹ̀, ẹ fi détendeur sílẹ̀. Ojú yẹn gan-an ni àìsàn wà. Bí gbogbo wọn bá rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má da ojú iná láàmú. Gáàsì ti fẹ́ tán ni, tàbí détendeur ti ń kú lọ, tàbí rọ́bà ti ká po níbì kan. Mo mọ àwọn tó ra ojú iná tuntun nígbà tó jẹ́ pé ìgò ló ṣófo.

Iná gáàsì tí ara rẹ̀ dá, àwọ̀ aró ló máa ń ní, a sì máa dúró jẹ́ẹ́. Bó bá pọ́n bí iná àtùpà, tó ń pa ìdí ìkòkò dúdú, a jẹ́ pé atẹ́gùn kò ráyè dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ṣí ìdérí ojú iná, ẹ fi omi gbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Ọbẹ̀ tó hó dànù ló ń fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, tàbí aláǹtakùn tó tàkùn sí ihò atẹ́gùn nígbà tí a kò lo ààrò fún ìgbà díẹ̀. Kí ìdérí jókòó bó ti yẹ. Bó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, iná á máa fò.

Lábẹ́ ojú iná, ihò tíńtín kan wà lára idẹ kékeré tí gáàsì ń gbà jáde. Gicleur ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun zẹ́mì ti gbọ́ orúkọ yẹn lọ́wọ́ mẹkaníìkì, torí òun náà wà nínú kábúrétọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí ìṣó gún un. Idẹ rọ̀. Bí ihò náà bá fi díẹ̀ fẹ̀ sí i, gáàsì tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni yóò máa tú jáde, kò sì sí bí a ṣe lè sọ ọ́ di kékeré mọ́. Irun búrọ́ọ̀ṣì kan àti omi ọṣẹ ti tó. Bí kò bá là, ẹ ra òmíràn.

Ó wá ku rọ́bà, ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí.

Nítorí iṣẹ́ rédíò yìí, mo ti wọ ilé ìdáná tó pọ̀. Mo ti rí rọ́bà tí wọ́n fi scotch yí, tí wọ́n fi àkísà yí, tí wọ́n fi wáyà fún lọ́rùn. Mo ti rí èyí tí eku jẹ, tí wọ́n gé ibi tí eku jẹ kúrò, tí wọ́n wá fi páìpù bíírò so àjákù méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní, «Ó ti tó oṣù mẹ́fà, kò ṣe nǹkan kan.» Gáàsì inú ìgò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, kì í gòkè lọ bá fèrèsé jáde bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń lọ, á máa kóra jọ sábẹ́ tábìlì, sí kọ̀rọ̀, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá tí àwọn ọmọ sùn sí. Ẹni tó bá ṣá ìṣáná láàárọ̀ kò ní mọ ohun tó wà lẹ́sẹ̀ òun. Oṣù mẹ́fà tí kò fi ṣe nǹkan kan, ìṣáná kan ṣoṣo ló ń dúró dè.

Òórùn burúkú tí a ń gbọ́ yẹn, kì í ṣe ti gáàsì fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ló fi sí i kí a lè tètè mọ̀. Àmọ́ imú a máa mọ́ òórùn lára. Ẹni tó ti ń dáná níbẹ̀ látàárọ̀ lè má gbọ́ ọ mọ́, kí àlejò sì gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, ọṣẹ la fi ń wá a. Ẹ pa gbogbo ojú ààrò, ẹ ṣí ìgò, ẹ fi kànìnkàn ta omi ọṣẹ sí ìdí détendeur, sí ara rọ́bà láti òkè dé ìsàlẹ̀, sí ibi tó ti wọnú ààrò. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń wú bí itọ́ ọmọ ọwọ́, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wá a o. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín pé ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pọ̀.

Bí ó bá ti kún inú ilé kí ẹ tó mọ̀, ẹ dé ìgò, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ẹ má tan iná mànàmáná, bó bá sì wà ní títàn, ẹ má pa á, torí ìṣáná kékeré wà nínú ibi tí à ń tẹ̀ yẹn.

Kí ló dé tí a fi ń dì í? Mi ò gbà pé àìmọ̀ ni. Àwọn ìyá tó ń dì í mọ̀ pé kò dáa. Ohun tí mo rí ni pé rọ́bà kò ní olówó nínú ilé. Bàálé ló ra ààrò, ó sì ti fi hàn gbogbo ènìyàn pé òun ra ààrò. Gáàsì tí à ń lọ rọ, ìyàwó ń yọ ọ́ nínú owó ọbẹ̀. Rọ́bà ńkọ́? Kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan, títí dọjọ́ tó bá là, ìyá á wá wo owó ẹja, á wo rọ́bà, á mú àkísà. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ dákun, ẹ má bínú sí àbúrò yín: ẹni tó ra ààrò ló yẹ kó máa ra rọ́bà rẹ̀, bí ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ ṣe ń ra táyà.

Àwọn kan á ní ìdí nìyẹn tí àwọn fi padà sídìí èédú. Mi ò bá wọn gbè é. Èédú tí a dá sínú yàrá tí a tì, nǹkan kan ń jáde lára rẹ̀ tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Gáàsì ṣì ń fi òórùn kìlọ̀ fún wa.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ béèrè rọ́bà gáàsì gan-an. Rọ́bà omi kò dára fún un, torí gáàsì ń jẹ ẹ́ nínú. Lára ọ̀pọ̀ rọ́bà gidi, wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe é, tàbí ọdún tó yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀, tí èdè Faransé ń pè ní «à remplacer avant». Ọmọ yín tó ń lọ sí ilé ìwé lè kà á fún yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò: bó bá fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ hàn bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Mítà kan ààbọ̀ ti tó, kó má gba ẹ̀yìn four kọjá, kí òrùka irin sì fún un ní orí méjèèjì. Ti détendeur, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá gbogbo ìgò mu. Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ ń ra ìgò ní ìhà kejì ibodè, orí ìgò yẹn lè yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ̀ wa. Bó bá gba agbára kó tó wọlé, kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń dáná àríyá, tó ní ọwọ́ tí à ń yí kí iná lè le, ẹ má gbé e sórí ààrò inú ilé. Ti ìgò kílò 6 sì rèé: ẹ máa wo joint rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá lọ rọ gáàsì, torí bí a ti ń ro ọkà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni à ń mì ín.

Mo ní ẹjọ́ kan lórí ààrò àlòkù tó ń ti Yúróòpù bọ̀ wá sí Kútọnu. Irin wọn dára, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ni gáàsì ti ń wá bá ọ̀pọ̀ ilé, gáàsì yẹn kì í sì í ṣe irú ti inú ìgò wa. Ihò gicleur tiwọn fẹ̀ jù fún tiwa. Ẹ gbé e délé, iná á pọ́n, á ga, á pa ìkòkò dúdú, ẹni tó tà á á ní ẹ kò mọ̀ ọ́n lò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ìwé tàbí irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lẹ́bàá ilẹ̀kùn four. G20 ni ti inú páìpù. G30 àti G31 ni ti inú ìgò. Bó bá jẹ́ G20 ni wọ́n ṣe é fún, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní gicleur tí ìgò, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó. Nọ́ńbà wà lórí gicleur: 65 túmọ̀ sí pé ihò rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 mìlímítà kan. Nínú ọ̀pọ̀ four wọn, igi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà tí orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú iná, thermocouple ni. Bí four bá ń kú gbàrà tí ẹ bá fi ọwọ́ sílẹ̀, ẹ nu orí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bó bá tún kú, òun lẹ máa rà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ibẹ̀ dá fún yín, torí òun ló ń dá gáàsì dúró bí iná bá kú.

Ẹ má fi ẹnu ṣàpèjúwe nǹkan fún oníṣòwò. Ẹ tú èyí tó gbó, ẹ gbé e dání lọ sí Wàndó tàbí Dàntọ̀kpá, ẹ fi tẹlifóònù ya àwòrán irin ẹ̀yìn ààrò. Ẹni tó ń ta ààrò tí kò ta rọ́bà, joint àti gicleur rẹ̀, ìdajì ọjà ló ń tà, ó sì yẹ ká máa sọ ọ́ sí i létí. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ lè kó owó jọ ra joint lọ́pọ̀, kí ẹ pín in, ìrìn ẹnì kan á sì tó fún gbogbo yín.

Fún ìjókòó tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tó mọ̀wé kà, kó lọ wo rọ́bà ilé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kó kọ ọdún tó bá rí lára rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí kò ní ọdún kankan, kó kọ «kò sí». Èyí tí wọ́n ti dì, kó kọ ohun tí wọ́n fi dì í.