Ẹni Tí Yóò Ṣe Ohun Èlò fún Àlejò, Kí Ó Kọ́ Èdè Àlejò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kì í ṣe pé ojú fọ́ àlejò. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni kò mọ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí onílé ń fi í ṣe. Bí àlejò bá wọ agbo ilé Yorùbá ní ayé àtijọ́, ìkòkò ni yóò máa pe gbogbo ohun tí a fi amọ̀ mọ. Ọmọ inú ilé ni ó mọ̀ pé àmù ni èyí tí ó jókòó sí kọ̀rọ̀ tí omi inú rẹ̀ tutù minimini. Pé orù ni èyí tí a ń gbé lọ sí odò. Pé ìṣaasùn ni a fi ń se ọbẹ̀, àgbadà ni a sì fi ń dín àkàrà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ igbá rí: ahá kì í ṣe kèrègbè, kèrègbè kì í sì í ṣe àdó. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ó tọ́jú ìlò ohun èlò pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè mọ ìlò. Ẹni tí kò sì mọ ìlò, báwo ni yóò ṣe ṣe ohun èlò tuntun tí yóò tẹ́ onílé lọ́rùn?

Ìbéèrè yìí tọ́ sí àwọn tí ń darí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí a lè pè ní ẹ̀kọ́ ọnà ohun èlò. Iṣẹ́ ẹni tí ó bá kọ́ ọ ni láti gbèrò bí àga, ìgò, fìtílà, ìkòkò tàbí ẹ̀rọ inú ilé yóò ṣe rí, bí yóò ṣe bá ọwọ́ mu, ohun tí a ó fi ṣe é àti iye tí yóò náni, kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìyàwòrán, ìṣirò, ìmọ̀ nípa igi, irin àti ike ni a fi ń kọ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Èdè àti àṣà àwọn tí yóò lo ohun náà ni a fi sí ẹ̀yìn, bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Àṣìṣe gbáà ni èyí. Èdè kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fún ọlọ́nà ohun èlò. Ara irin iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà, ó yẹ kí yunifásítì so ẹ̀kọ́ ọnà ohun èlò pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà ilẹ̀ òkèèrè, kí méjèèjì di ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ wo ìkòkò ìrẹsì oníná mọ̀nàmọ́ná tí ó kún ọjà lónìí. Ọdún 1955 ni ilé iṣẹ́ Toshiba ní ilẹ̀ Japan gbé èyí tí ó lè pa iná fúnra rẹ̀ jáde. Yoshitada Minami, ọkùnrin kan tí ó ní ilé iṣẹ́ kékeré, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Aya rẹ̀, Fumiko, ni ó sì ń se ìrẹsì léraléra láti dán an wò. Ní ayé ìgbà náà, ìyàwó ilé ní Japan ní láti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó dáná, kí ó sì dúró ti ìkòkò kí ìrẹsì má baà jóná. Tọkọtaya yìí rí i pé bí ìrẹsì bá hó dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ó ti jinná. Wọ́n wá fi ìkòkò kan sínú òmíràn, wọ́n sì bu omi ìwọ̀nba sí ìkòkò ìta. Bí omi yìí bá ti gbẹ tán lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ooru yóò ga sí i, irin oríṣi méjì tí a lẹ̀ mọ́ra yóò tẹ̀, iná yóò sì kú. Àwọn tí ó mọ iná mọ̀nàmọ́ná pọ̀ ní Japan ṣáájú ìgbà náà. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìrẹsì nínú ìkòkò láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, bí ìyàwó ilé ṣe mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni Fumiko. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìkòkò bá rékọjá odi ìlú? Ní ilẹ̀ Iran, ìdí ìrẹsì tí ó gbẹ, tí ó pọ́n, tí ó sì ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Tahdig ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ orúkọ náà sì ni ìdí ìkòkò. Àlejò pàtàkì ni a ń bù ú fún. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn yóò wo ìdí ìkòkò náà, yóò ní ó jóná, yóò sì fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wá bí kò ṣe ní jóná mọ́. Ohun tí ó jẹ́ àléébù ní ilé kan ni ó jẹ́ ohun àpọ́nlé ní ilé kejì. Lónìí, àwọn ìkòkò oníná kan wà tí a dìídì ṣe fún àwọn ará Iran, tí ó ń jẹ́ kí ìdí ìrẹsì gbẹ kí ó sì pọ́n bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ. Ẹni tí ó gbọ́ ìtumọ̀ tahdig ni ó lè ṣe irú ìkòkò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn ti ilẹ̀ India wá. Ní ọdún 1958, tọkọtaya ọlọ́nà kan láti Amẹ́ríkà, Charles àti Ray Eames, kọ ìròyìn kan fún ìjọba India lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ohun èlò níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n rí ní ilẹ̀ náà, lota, ìkòkò omi kékeré tí gbogbo ilé ń lò, ni wọ́n yìn jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ìbéèrè jọ: báwo ni omi tí ó yẹ kí ó gbà ti pọ̀ tó? Ta ni yóò gbé e, báwo ni agbára rẹ̀ sì ti tó? Ṣé orí ni yóò gbé e lé ni, tàbí ìbàdí, tàbí ọwọ́? Báwo ni omi ṣe ń dà láti ẹnu rẹ̀? Báwo ni ó ṣe rí lọ́wọ́, báwo ni ó sì ṣe ń dún? Wọ́n gbà pé kì í ṣe ẹnì kan ni ó jókòó tí ó gbèrò lota; ìran dé ìran ni ó ṣe é. Ní ọdún 1961 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ ọnà ohun èlò sílẹ̀ ní ìlú Ahmedabad. Àmọ́ ta ni yóò dáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyẹn bí kò ṣe àwọn obìnrin tí ń pọn omi? Bí ọ̀rọ̀ bá sì gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá, ìdajì rẹ̀ ni í délé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn nìkan ni èyí. Àǹkárá tí Yorùbá fi ń dá aṣọ ẹbí lónìí, ìrìn àjò rẹ̀ gùn. Àwọn ará Java ni wọ́n ń fi ìda ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, gẹ́gẹ́ bí aládìírẹ ṣe ń fi ẹ̀kọ ya tirẹ̀. Àwọn ará Netherlands fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀; ilé iṣẹ́ Vlisco tí ó wà ní ìlú Helmond ti wà láti ọdún 1846. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni aṣọ náà ti wá rí ọjà tà jù. Ní ìlú Lomé ní Togo, àwọn obìnrin oníṣòwò tí a mọ̀ sí Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn, ni wọ́n ń sọ aṣọ lórúkọ, tí wọ́n sì ń sọ fún àwọn ilé iṣẹ́ irú ọnà àti irú àwọ̀ tí yóò tà. Àwọn ọlọ́nà Helmond mọ ìyàwòrán. Àwọn obìnrin Lomé mọ ohun tí aṣọ ń sọ lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Aṣọ tí kò ní orúkọ lẹ́nu obìnrin ọjà, orí igbá ni yóò kú sí.

Báwo wá ni yunifásítì ṣe lè so méjèèjì pọ̀? Yunifásítì ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà pẹ̀lú èdè Jámánì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi èdè Faransé, ti Spain àti ti China kún un. Ọdún 5 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, oyè 2 ni ó sì ń gbà, ọ̀kan fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, èkejì fún èdè. Ó ń lo ọdún kan ní ilẹ̀ tí ó ni èdè náà: yóò kọ́kọ́ kàwé ní yunifásítì ibẹ̀, yóò sì tún fi oṣù 6 ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ láàárín àwọn onílé. Arìnrìn-àjò kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ó bá wọn gbé, tí ó bá wọn jẹun, tí ó sì bá wọn ṣiṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ti tó fún gbogbo ìyẹn. Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó láti fi kọ ìwé àdéhùn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń dáná lẹ́yìn ilé ní Cotonou, bí ọwọ́ ìkòkò bá ń jó o, kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ráhùn. Àwọn òbí yóò tún ké pé ọdún ti gùn jù, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìdí. Ní ọdún 2022 nìkan, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà gba oṣù 8. Ta ni yóò wá gbọ́ pé a fẹ́ fi ọdún kan kún un tí kò ní kígbe? Ìdáhùn ni pé kò pọn dandan kí a fi ọdún kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ irú ẹ̀kọ́ báyìí ń lo oṣù bíi mélòó kan ní ilé iṣẹ́ láti fi kọ́ṣẹ́ kí ó tó gboyè. Kí ló dé tí a kò lè lo àkókò yẹn ní ìkejì ibodè?

Nǹkan tí a nílò kò jìnnà. Ẹ̀kọ́ ọnà ohun èlò wà ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́, ó sì wà ní Zaria. Abúlé èdè Faransé ti wà ní Àgbádárìgì láti ọdún 1991, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè náà láti yunifásítì gbogbo ti ń lọ gbé kí ahọ́n wọn lè yọ̀. Bí a bá so wọ́n pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ Faransé ní Àgbádárìgì, yóò fi àkókò ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Porto-Novo tàbí Lomé, yóò sì ṣe ohun èlò kan fún ilé tí ó gbé. Àwọn ará ilé náà ni kí ó kọ́kọ́ dán an wò, kí ó sì fi èdè tí wọ́n gbọ́ dáhùn ìbéèrè wọn. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ní ojú ṣáájú.

Ẹ̀hónú àwọn àgbà ni ó wúwo jù: èwo ni ti èdè ọlọ́dẹ̀, nígbà tí ọmọ tí a bí sílé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orù àti àmù mọ́? Òótọ́ ni, ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Faransé yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ọ́fíìsì ní ilẹ̀ Benin. Bí ó bá dé ìdí ààrò ní Kétu, Yorùbá ni yóò bá níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ìyá rẹ̀ yára yóò di àlejò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó sì ti kọ́ láti béèrè orúkọ àti ìlò ohun èlò ní ilé ẹlòmíràn, bí ó bá padà délé, yóò béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà pẹ̀lú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ojú ẹ̀kọ́ àfikún wo èdè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wó ògiri tí ó wà láàárín ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka ọnà. Ẹ̀yin àgbà, bí ọmọ bá wá béèrè ohun tí àdó wà fún, ẹ má ṣe lé e. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò ní parun. Nígbà tí àwọn ọmọ yìí náà yóò bá fín tiwọn, kí ó jẹ́ igbá tí onílé yóò gbé sọ́wọ́, tí yóò sì ní ẹni tí ó mọ òun ni ó ṣe é.