Láàárín ‘Àti’ àti ‘Tàbí’

Ẹni tó bá ná ọjà Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú náà. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ti bí ọmọ tiwọn. Anago ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Abidjan ni ọ̀pọ̀ wọn ti kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń san owó orí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dìde lọ́la pé òun fẹ́ du ipò ààrẹ, òfin kò ní bi í pé kí lo ti ṣe fún ìlú yìí. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ni òfin yóò kọ́kọ́ béèrè.

Orílẹ̀-èdè náà ti fojú rí ohun tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ní July 2000, wọ́n dìbò gba ìwé òfin tuntun wọlé. Abala 35 rẹ̀ ní ẹni tí yóò jẹ ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bàbá àti ìyá tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ká ní ‘tàbí’ ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, òbí kan ṣoṣo ì bá tó. ‘Àti’ ni wọ́n kọ. Ní October ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ yọ orúkọ Alassane Ouattara kúrò nínú àwọn olùdíje, ọkùnrin tó ti ṣe olórí ìjọba níbẹ̀ láti 1990 sí 1993. Àwọn alátakò rẹ̀ ní ọmọ Burkina Faso ni àwọn òbí rẹ̀. Òun ní irọ́ ni. Kò pẹ́ tí àwọn ará àríwá tí orúkọ wọn jọ tirẹ̀ fi rí i pé ẹjọ́ ẹnì kan ti di ẹjọ́ gbogbo àwọn. Sójà á dá ọkọ̀ dúró, á béèrè káàdì ìdánimọ̀, orúkọ tó wà lára káàdì á sì di ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tó ni ín lọ́rùn.

Ní September 2002, ogun bẹ́, ilẹ̀ náà sì pín sí méjì. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé òfin ló dá ogun sílẹ̀. Ìjà ilẹ̀ oko kòkó wà níbẹ̀, ìjà àwọn tó fẹ́ jogún Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ‘àti’ yẹn ni wọ́n fi ya ọmọ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ilé. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló kú nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé ìdìbò 2010. Ọdún 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ ‘tàbí’.

Zambia náà ṣe irú rẹ̀. Kenneth Kaunda, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti ilẹ̀ tó ń jẹ́ Malawi lónìí, ṣe ààrẹ fún ọdún 27. Ní 1996 wọ́n ṣòfin pé òbí méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Zambia. Ní 1999 ilé ẹjọ́ kan tún sọ pé bàbá òmìnira náà kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ rárá.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni. Àtúnṣe kẹrìnlá tí wọ́n ṣe sí òfin wọn ní 1868 ní ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ wọn, tiwọn ni. Wong Kim Ark, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ṣáínà, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ó sì jàre ní 1898. Ìdí nìyí tí Kamala Harris, tí bàbá rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, tí ìyá rẹ̀ wá láti Íńdíà, fi lè du ipò ààrẹ ní 2024. Ọmọ tí tọkọtaya láti Ìjẹ̀bú bá bí sí Houston náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, inú wa yóò sì dùn. Nígbà tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ ní January 2025 pé kí ẹ̀tọ́ yìí má kan gbogbo ọmọ àjèjì mọ́, àyà ọ̀pọ̀ òbí já, àwọn Yorùbá sì wà nínú wọn.

Ohun tí a fẹ́ fún ọmọ wa ní Houston, a kò fún ọmọ àlejò nílé wa. Abala 131 nínú òfin Nàìjíríà ní ọmọ orílẹ̀-èdè láti ìbí nìkan ló lè jẹ ààrẹ. Abala 25 sì sọ ẹni tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀: ó kéré tán, òbí kan tàbí òbí àgbà kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ tí tọkọtaya láti Lomé bí sí Ajégúnlẹ̀, tí kò mọ ilé mìíràn, kò sí nínú rẹ̀. A sì ti rí ibi tí irú ìrònú yìí lè gbé ìjọba dé. Ní January 1980, wọ́n kó Shugaba Abdurrahman Darman, aṣòfin kan ní Borno, lọ sí Chad, wọ́n ní ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ilé ẹjọ́ ló sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni.

A mọ ẹ̀rù tó ń ba àwọn tó ń gbèjà òfin yìí. Wọn a ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká lọ fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àmọ́ ọmọ tí a jẹ oyin àti iyọ̀ ìkómọ rẹ̀ ládùúgbò, tó bá àwọn ọmọ wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọmọ ta ni? Lọ́dọ̀ wa, oyè ọba ni a ti ń tọpa ìdílé, nítorí ìdílé ló ni oyè. Ipò ààrẹ kì í ṣe oyè ìdílé kankan. Kí òfin bi olùdíje nípa ara rẹ̀, nípa ọdún tó ti lò láàárín wa àti bóyá ó tún ń sin ilẹ̀ mìíràn. Ní Benin tó múlé tì wá, kódà ẹni tó ti gba ìwé ọmọ ìlú fún ọdún 10 lè du ipò náà.

A fẹ́ kí ìjọba wa bá Abidjan sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Èjìgbò. Kí wọ́n tó lọ, kí àwọn aṣòfin l'Ábújá fi ìlà kan kún Abala 25: pé ọmọ tí wọ́n bí sí Nàìjíríà, tó sì dàgbà síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà láti ìbí ni, ìbáà ṣe Lomé tàbí Cotonou ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá.