Ṣé Kí Ó Tún Ìdánwò Náà Ṣe?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama mú èsì ìdánwò rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ìdánwò GMAT ni, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ òwò, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù, fi ń yan àwọn tí wọn yóò gbà. Máàkì 645 ni ó gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ṣe é ní ọdún 2016 gba 700. Nítorí náà ni gbogbo ẹbí ṣe fi ẹnu kò pé àbúrò ti dójú tì wọ́n, kí ó tètè wá owó, kí ó sì pa dà lọ jókòó sí i. Ó wá bi mí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni kí n ṣe?”

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òun nìkan, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ òṣùwọ̀n wò. Láti ọdún 1954 tí ìdánwò yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó ni ín ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí ẹ̀gbọ́n ṣe, láti 200 dé 800 ni máàkì rẹ̀. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2023, láti 205 dé 805 ni, ọ̀nà tí a sì ń gbà fún ni ní máàkì ti yàtọ̀. Nínú tábìlì tí àwọn onídánwò fúnra wọn tẹ̀ jáde, 645 ti ìsinsìnyí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 700 ti àtijọ́ dọ́gba. Ẹni tí ó bá ti ra gàrí ní ọjà méjì mọ̀ pé kóńgò ibì kan kì í ṣe kóńgò ibòmíràn. Ọmọ tí wọ́n ń bá wí kò kùnà rárá!

Èmi kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe. Òfin ìdánwò náà kò ti ìlẹ̀kùn: bí ọjọ́ 16 bá ti kọjá, ènìyàn lè pa dà, bí kò bá ti ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín oṣù 12. Ẹni tí ó ṣe é ni ó máa ń rí máàkì rẹ̀ kí ó tó pinnu ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò fi í ránṣẹ́ sí, ọdún márùn-ún ni ó sì fi ń wúlò. Àpò owó ni ó ń ti ìlẹ̀kùn. Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 275 ni wọ́n ń gbà fún ìjókòó kan ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù ní náírà, tí ó sì rí bí náírà ti já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú ilé olùkọ́.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni kí olùdánwò wò. Èkíní: kí ni máàkì àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń fẹ́ gbà wọlé ní ọdún tí ó kọjá? Wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí tirẹ̀ bá ti dé àárín wọn, kí ó lọ fi agbára rẹ̀ sí ìwé tí yóò fi tọrọ àyè. Èkejì: ṣé ó mọ ohun tí ó gbé e ṣubú? Ìbéèrè 64 ni ó wà nínú ìdánwò náà, ní apá mẹ́ta: ìṣirò, òye ohun tí a kà, àti ìtúmọ̀ tábìlì òun àwòrán oníṣirò, ìṣẹ́jú 45 ni fún apá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí àkókò tán mọ́ lọ́wọ́ tí ó fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn, tàbí ẹni tí ibà dì mú lọ́jọ́ náà, mọ ibi tí àtúnṣe wà; kí ó pa dà. Ẹni tí kò lè dárúkọ ohun kan, tẹ́tẹ́ ni ó fẹ́ lọ ta. Ẹ̀kẹta: ṣé àyè wà láti kẹ́kọ̀ọ́? Ọjọ́ 16 tó fún òfin. Kò tó fún ìmọ̀.

Ṣùgbọ́n àwa àgbà ni mo ń bá wí jù. Àwa ni a sọ máàkì di orúkọ ìdílé. Ìtìjú kì í kọ́ni ní ìṣirò. Ìdí tí orílẹ̀-èdè wa fi ń fẹ́ àwọn tí ó mọ òwò ni pé kí ilé-iṣẹ́ má baà máa kú mọ́ wa lọ́wọ́, kì í ṣe pé kí baba kan lè fi máàkì ọmọ rẹ̀ yangàn ní òde àríyá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti yẹ ilé-ẹ̀kọ́ méjì tí ó ń fẹ́ wò. Máàkì rẹ̀ dé àárín ní ọ̀kan, ó sì kù díẹ̀ ní èkejì. Ó ti pa owó rẹ̀ mọ́, ó sì ti jókòó ti ìwé tí yóò kọ sí wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó sọ fún ọmọ pé, “Pa dà lọ,” ẹ kọ́kọ́ bi í pé, “Kí ni ó gbé ọ ṣubú?” Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.